Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìtàn Pápá Tẹ́níìsì àti Àwọn Kọngílá Tó Ń Ṣe É

 

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti pápá tẹ́níìsì tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́: "Èló ni kọngílá máa gbà?" Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi padà sẹ́yìn díẹ̀, ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe pápá yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn wo ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún, àti ibi tí owó máa ń rì sí. Ẹ óò rí i pé ohun tí ojú ń rí lókè, ìyẹn ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti ìlà funfun, kò fi bẹ́ẹ̀ nira. Abẹ́ rẹ̀ ni wàhálà wà. Kọ́ọ̀tù ni àwọn ọmọ wa ń pe pápá náà, bí a kò bá sì ṣọ́ra, kọ́ọ̀tù bọ́ọ̀lù a gbé wa dé kọ́ọ̀tù adájọ́.

Ní 1874, ọ̀gá sójà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Walter Clopton Wingfield, gba ìwé àṣẹ lórí eré kan tó ń tà nínú àpótí: nẹ́ẹ̀tì, òpó, ráakẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ní koríko níwájú ilé kàn máa ta nẹ́ẹ̀tì sí i ni, eré ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí kọngílá nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Pápá tiẹ̀ tilẹ̀ fún ní ìbàdí bíi gángan. Ìgbà tí wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní Wimbledon ní 1877 ni wọ́n sọ ọ́ di onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 78 ní gígùn, 27 ní fífẹ̀. Ìwọ̀n yẹn náà la ń lò títí dòní. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì-méjì ló ń gbá a, fífẹ̀ rẹ̀ a di 36.

Àmọ́ koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe koríko ibi gbogbo. Ní nǹkan bí 1880, William Renshaw, ẹni tó gba ife Wimbledon lẹ́ẹ̀meje, àti ọmọ ìyá rẹ̀ ń gbá tẹ́níìsì ní Cannes, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí oòrùn ti ń jó koríko gbẹ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ra àpáàdì ìkòkò tó ti fọ́ lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Vallauris, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì fọ́n ọn sórí pápá. Ibẹ̀ ni wọ́n ní pápá pupa tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n, irú ti Paris, ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ níbí. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àpáàdì yìí, ẹ̀rín ló yẹ kó rín. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó ti lé ní 600 ọdún tí wọ́n ti ń to àpáàdì sílẹ̀ ní ìdúró, tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá, kí ẹrẹ̀ má baà gba ibẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ rẹ̀ torí pé ó kórìíra kí ẹrẹ̀ máa ta sí i láṣọ. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ohun àjèjì sí wa láti bá omi òjò jà lórí ilẹ̀. A kàn ti gbàgbé ni.

Ní nǹkan bí 1909, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní En-Tout-Cas bẹ̀rẹ̀ ní Syston, nítòsí Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíríkì ni iṣẹ́ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá fi àlòkù bíríkì tí wọ́n lọ̀ ṣe pápá, omi a máa rọ́nà sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì lè gbá bọ́ọ̀lù láìpẹ́ lẹ́yìn òjò. Orúkọ yẹn gan-an, èdè Faransé ni, ó túmọ̀ sí "bó ti wù kó rí". Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lẹ́yìnkùlé ti di iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Omi òjò ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó ńkọ́? Ní 1895 ni Lagos Lawn Tennis Club bẹ̀rẹ̀ ní Oníkan. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó kì í jẹ́ kí ènìyàn dúdú wọlé bí kì í bá ṣe pé ó gbé ọtí wá tàbí ó ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ní 1926, àwọn ọmọ Yorùbá tó lóókọ ní Èkó dá tiwọn sílẹ̀, Yoruba Tennis Club, ní Oníkan kan náà. Lónìí, àwọn ènìyàn mọ ẹgbẹ́ yẹn sí ibi àríyá àti ìpàdé àwọn ńláńlá, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí orúkọ rẹ̀: tẹ́níìsì ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní pápá ni ẹni tó níbi tí wọn kò ti lè lé e jáde.

Àwọn kan láàárín wa máa ń ní tẹ́níìsì, eré olówó ni, kí ni ọmọ oko fẹ́ fi ṣe? Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ wo Arthur Ashe, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó gba ife Wimbledon ní 1975. Bàbá rẹ̀ ni olùtọ́jú pápá ìṣeré àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Richmond, inú ọgbà pápá náà ni ilé wọn wà, ojú fèrèsé ni ọmọ náà ti ń wo kọ́ọ̀tù. Ashe yìí náà ló lọ sí Cameroon ní 1971, tó rí ọmọ ọdún 11 kan, Yannick Noah, ní pápá kan ní Yaoundé. Noah gba ife ilẹ̀ Faransé ní 1983. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ wa Nduka Odizor, tí ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan rí ní Èkó tó sì ràn án lọ sí Houston, na Guillermo Vilas ní Wimbledon lẹ́yìn tí Vilas ti gba abala méjì àkọ́kọ́. Gbogbo wọn, ẹnì kan ló rí wọn lórí pápá. Níbi tí kò bá sí pápá, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí ọmọ.

Ashe wá sí Èkó náà. Ní oṣù Kejì 1976, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nínú ìdíje kan níbẹ̀ nígbà tí àwọn sójà ya wọ pápá tí wọ́n sì lé gbogbo ènìyàn dànù, torí wọn kò tíì parí ọ̀fọ̀ Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní ọjọ́ 13 oṣù náà. Ìtàn yẹn kò kan kọngílá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú wa yóò rántí rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, láyé àtijọ́, ìlú kì í gbé iṣẹ́ ìlú fún kọngílá. Ọ̀wẹ̀ ni, àáró ni, ẹgbẹ́ àti ìdílé ló ń pín in ṣe. Ẹ wo Eredò Sùngbọ́, yàrà àti ògiri amọ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ibòmíràn wà níbẹ̀ tí ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣì wà nílẹ̀.

Ìgbà tí ìjọba òyìnbó dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọdún 1892 ni wọ́n bá wa jà ní Ìmagbọn. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Èkó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹta 1901. (Kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá o, Abẹ́òkúta ló gbà.) Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìjọba kò gbé rélùwéè yẹn fún kọngílá kankan. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ló máa ṣe é, lábẹ́ ìdarí ẹnjiníà kan ní London, William Shelford. Ìdí wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì wọn ilẹ̀ náà dáadáa: igbó ni, àbàtà ni, odò ni. Wọ́n ní kọngílá tí kò bá mọ ohun tó wà nílẹ̀ yóò bu owó ìbẹ̀rù lé iye tó máa gbà.

Wọ́n sòótọ́. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà. Nígbà tí wọ́n ṣe é fúnra wọn, owó rẹ̀ ga ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àwọn oníṣòwò Liverpool àti Manchester sì ń pariwo pé ẹnikẹ́ni kò dije fún iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè béèrè bí wọ́n ṣe ná an. Èmi rò pé àríyànjiyàn yẹn gan-an ló dojú kọ wá lónìí. Bí a kò bá mọ ilẹ̀ wa, nǹkan méjì ni kọngílá lè ṣe: kí ó gbé iye ńlá wá torí ìbẹ̀rù, tàbí kí ó gbé iye kékeré wá kó lè rí iṣẹ́ gbà, kó wá máa jẹ òkúta àti sìmẹ́ńtì wa lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí kejì ló wọ́pọ̀ jù. Bí a bá sì ní ká ṣe é fúnra wa, bíríkìlà àdúgbò wa mọ ilé kọ́, ṣùgbọ́n pápá tẹ́níìsì kì í ṣe ilé.

Ìlú mìíràn ni mo ti rí irú pápá bẹ́ẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n pa màlúù, wọ́n ya fọ́tò. Òjò kan ṣoṣo lẹ́yìn ìyẹn, àárín rẹ̀ rì bí àwo ọbẹ̀. Gbòǹgbò igi ńlá kan ni wọn kò hú kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó jẹrà, ilẹ̀ sì wọlẹ̀. Bí mo ti ń wí yìí, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó ti ya ni wọ́n ti ń sá gbágùúdá.

Ẹ wá wo ilẹ̀ tiwa. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ilẹ̀ pupa àti yangí ló pọ̀, àpáta sì wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tó dára ni. Ewu ibẹ̀ ni gbòǹgbò, torí igbó kìjikìji ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti amọ̀ tó máa ń wú bí òjò bá rọ̀ tó sì máa ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ogun Waterside, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Yanrìn ọ̀sà àti ẹrẹ̀ ni, omi kò jìnnà sójú ilẹ̀. Kọngílá tó ṣe pápá tó dára ní Àgọ́-Ìwòyè lè ṣe èyí tó máa rì ní Ìwopin, bí ó bá gbé ètò kan náà lọ síbẹ̀. Ní etí omi, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ sókè, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ìyẹn máa ná wa ju Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, ó sì sàn ká ti mọ̀ báyìí.

Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ tó yẹ ká ná kì í ṣe ti kọngílá. Ti ẹni tó máa yẹ ilẹ̀ wò ni. Kí wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó jìn tó mítà kan àbọ̀, ní àkókò òjò, ká rí ibi tí omi dé, ká sì gbé erùpẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Owó kékeré ni ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pápá. Lẹ́yìn èyí, gbogbo kọngílá tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà yóò gba èsì àyẹ̀wò kan náà, wọn á sì kọ iye tiwọn lórí ohun kan náà. Ẹnikẹ́ni kò ní lè padà wá sọ fún wa pé "ilẹ̀ yín ló le".

Ọ̀rọ̀ àyè náà wà níbẹ̀. Pápá gan-an jẹ́ 78 sí 36, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílò ibi tó máa sá dé. Gbogbo rẹ̀ a wá di ẹsẹ̀ bàtà 120 sí 60. Ẹ ti rí i pé púlọ́ọ̀tì kan géérégé ni! Ìdùnnú yẹn ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n bá fún wa, kò ní sí ibi tí gọ́tà máa gbà, kò ní sí ibi tí ènìyàn máa jókòó sí, omi inú ọgbà aládùúgbò yóò sì máa ṣàn bọ̀ wá sórí pápá. Ẹ jẹ́ ká béèrè púlọ́ọ̀tì méjì lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó ni ilẹ̀, kí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ kí katakata kankan tó dé ibẹ̀. Kí pápá náà dojú kọ àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa wọ ẹni kankan lójú.

Bí kọngílá bá dé, àwọn ohun tí mo máa bi í nìyí. Báwo ni ilẹ̀ ṣe máa dagun? Ìdáhùn tó tọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹyọ kan nínú 100, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kan máa ga ju ìkejì lọ ní nǹkan bí ínṣì méje. Kọngílá tó bá ní òun máa gbé àárín ga kí omi ṣàn sí ọ̀tún àti òsì lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, títì ló mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe tẹ́níìsì. Ọjọ́ mélòó ló máa fi sílẹ̀ kó tó kun ọ̀dà lórí kọnkéré? Bí ó bá ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọjọ́ 28 ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn sórí kọnkéré tútù, bíbó ló máa bó. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni èyí tí mo fẹ́ràn jù: níbo ni pápá tó ti ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà? Kì í ṣe èyí tó ṣe lóṣù tó kọjá o. Ká lọ wò ó lẹ́yìn òjò. Ẹ dúró wákàtí kan kí òjò dá, kí ẹ wá wo ibi tí omi ṣì dúró sí. Èyí tó bá nípọn ju mílímítà 2 lọ, ibẹ̀ ti kùnà.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Àwọn kọngílá a máa béèrè ìdajì kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí rírà ọjà àti gbígbé iṣẹ́ fúnni, èyí tó jáde ní 2007, kò fàyè gba ju ìdá 15 nínú 100 lọ nígbà náà fún owó ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mobilization, kọngílá sì gbọ́dọ̀ mú ìdúró báńkì tàbí ti ìṣúra wá. A kì í ṣe ìjọba, àmọ́ bí ìjọba tó ní ọlọ́pàá àti kọ́ọ̀tù bá lè bẹ̀rù, àwa ńkọ́? Àṣà míràn wà tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí rélùwéè gbòde ní àwọn ọdún 1840. Ọ̀pọ̀ kọngílá ń gba owó, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ jákujàku, àwọn mìíràn ń wọ gbèsè. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀ mú nínú owó wọn títí iṣẹ́ yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èmi fara mọ́ kí àwa náà di ìdá 10 mú, kí a má sì san án títí àsìkò òjò kan gbáko yóò fi kọjá lórí pápá náà. Òjò ni ẹlẹ́rìí wa, kì í gba rìbá.

Kò yẹ kí n tún máa sọ fún àwọn ará etí omi ohun tí iṣẹ́ tí kò parí ń ṣe fún ìlú. Ilé iṣẹ́ pépà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwopin wà nílẹ̀ tí gbogbo ojú ń wò ó, owó ńláńlá wọ ibẹ̀, pépà tí a retí kò sì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Molusi College náà, tí ará Ìjẹ̀bú-Igbó dá sílẹ̀ ní 1949. Stephen Awokoya, ọmọ Àwà tó wà nítòsí wa níbí, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀, kó tó lọ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kalẹ̀. Tai Solarin ló tẹ̀ lé e ní 1952. Ará ìlú kò kàn kọ́ ilé kí wọ́n lọ sùn, wọ́n wá ẹni tó máa mójú tó o. Ẹni tó máa mú kọ́kọ́rọ́ pápá tiwa lọ́wọ́, tí kò ní gbà kí wọ́n na kánópì ìyàwó sórí rẹ̀, kí wọ́n sì kan ìṣó mọ́ ọn, ó yẹ kí a ti mọ orúkọ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ alága. Alága máa ń ní ìnáwó.

Oṣù Kọkànlá ni òjò máa ń dá lọ́dọ̀ wa. Tí a bá fẹ́ kí wọ́n da kọnkéré ní oṣù Kejìlá, ihò àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ ṣì mu omi yó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ pápá tó ti lò ju ọdún mẹ́ta lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Abẹ́òkúta tàbí Èkó, tí omi kì í dúró lórí rẹ̀, ẹ fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó tó, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. A óò ya bọ́ọ̀sì, a óò sì lọ wò wọ́n ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀.